Òfin Tí Wọ́n Ṣe fún Arvilla Nìkan

Ọjọ́ tí Arvilla Bjerregaard mú orúkọ ara rẹ̀ wá hàn mí nínú ìwé ìjọba, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ mi dé ìgúnpá. Búrẹ́dì ni mò ń pò. Oṣù karùn-ún ọdún 1956 ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi, kò tíì wọlé tó ti ń rẹ́rìn-ín.

“Melva, nu ọwọ́ ẹ kó o wá wo nǹkan.”

“Kí ni, Sìstá Arvilla?”

“Nu ọwọ́ ẹ ná. Ìwé yìí ò gbọdọ̀ dọ̀tí. Wáṣíńtọ̀n ló ti wá.”

Mo nu ọwọ́. Ìwé náà kò ju ojú ewé kan lọ. Èmi ò kàwé púpọ̀, kíláàsì kẹjọ ni mo ti dúró, ṣùgbọ́n mo lè ka orúkọ ẹni tí mo bá mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè: Àbá òfin fún ìtura Arvilla Bjerregaard. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ti wá sọ pé kí ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà sanwó fún un nítorí ẹgbẹ̀fà tòlótòló rẹ̀ tó kú nígbà tí bààlúù ológun fò kọjá lórí pápá rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá orí igi.

Mo ní, “Òfin.”

“Odindi òfin! Wọ́n á fọwọ́ sí i nílé ìgbìmọ̀ méjèèjì, ààrẹ á tún fọwọ́ sí i. Èmi nìkan ló wà fún. Kò kan ẹlòmíì láyé yìí. Ṣé ìwọ lè gbà á gbọ́? Èmi Arvilla, tí mi ò lè pàṣẹ fún ajá mi kó jókòó!”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dára gan-an, mo bá a yọ̀. Nígbà tó lọ, mo padà sídìí búrẹ́dì, mo ń gbá a mọ́ orí tábìlì, mo ń gbá a, débi pé nígbà tó jinná lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló le bí ìsàlẹ̀ bàtà. Ẹgbẹ̀fà. Mo ń sọ ọ́ sí ara mi. Ẹgbẹ̀fà tòlótòló. Ọ̀ọ́dúnrún nínú wọn, tèmi ni.

Ó yẹ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ tán, ìbúra ló fà á jáde lẹ́nu mi.

Pápá wa àti pápá Arvilla ló pààlà. Wáyà ló wà láàárín, géètì kékeré kan sì wà lára wáyà náà níbi tí odò ti ń gba kọjá. Bàbá ọkọ mi àti bàbá ọkọ rẹ̀ ló ṣe é nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń bomi rin oko. Lẹ́yìn tí ọkọ Arvilla kú, kò sẹ́ni tó ń gbabẹ̀ mọ́. Àfi èmi.

Lọ́dún 1955, òjò kò rọ̀. Koríko wa gbẹ títí ó fi ń fọ́ lábẹ́ bàtà. Arvilla sì ti kórè ọkà bálì tirẹ̀, èyí tó já sílẹ̀ pọ̀ nínú pápá, tata kún ibẹ̀. Tòlótòló fẹ́ràn tata ju oúnjẹ inú àpò lọ. Nítorí náà, tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kí Arvilla tó jí, màá lọ ṣí géètì. Bí ìdajì àwọn ẹyẹ wa bá ti kọjá, màá pa á dé. Tó bá di aago méje, màá lu agolo, wọn á padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. LaVar ọkọ mi kò mọ̀. Ó máa ń yìn mí pé, “Màmá, àwọn ẹyẹ yìí mà ń sanra o,” inú mi á sì dùn bí ọmọdé.

Bààlúù náà dé ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Ó ti kọjá lọ kí ariwo rẹ̀ tó dé. Ẹni tí kò bá sin tòlótòló rí lè má mọ̀: tí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọn kì í fọ́n ká. Wọ́n á sá jọ sí kọ̀rọ̀ kan, èyí á gun orí èyí, tèyí á tún gun orí ìyẹn, títí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò fi ní lè mí mọ́. Kì í pẹ́. Nígbà tí mo fi máa sáré débẹ̀, òkìtì náà ga dé àyà mi ní kọ̀rọ̀ pápá Arvilla. Kò sì sí ariwo kankan mọ́.

Ní ìlú wa, ní Hansel, a máa ń sàmì sẹ́sẹ̀ ẹyẹ láti kékeré. Irin kan wà tí a fi ń lu ihò sí awọ tó wà láàárín ìka ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ òsì ni ti ìdílé Thorup, ìyẹn àwa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ti Bjerregaard. Mo kúnlẹ̀. Mo ń yí wọn padà, mo ń wo ẹsẹ̀. Mo ka ẹlẹ́sẹ̀ òsì dé ọ̀ọ́dúnrún. Mo dìde, mo gba géètì padà, mo pa á dé, mo fi wáyà dì í pinpin.

Tí mo bá sọ pé ẹyẹ mi wà níbẹ̀, ṣebí wọ́n á bi mí bí wọ́n ṣe débẹ̀. Mo sọ fún LaVar pé ariwo lé ìdajì wọn sórí òkè, ìkookò sì ti jẹ wọ́n. Ó gun ẹṣin wá wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mò ń di oúnjẹ fún un láràárọ̀ tó bá ń lọ.

Arvilla kò ní ọkùnrin tó máa bá a gbẹ́lẹ̀. Àwọn òkú ẹyẹ náà wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, tí ọ̀gá ológun kan fi dé pẹ̀lú kámẹ́rà, aṣọ ìnujú ní imú. Orí ni ó kà. Ta ni yóò sọ fún ọmọ ìlú ńlá bíi Boston pé kó wo ẹsẹ̀ tòlótòló? Arvilla wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún, kò jáde. Ẹgbẹ̀fà ni ọ̀gá náà kọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ológun fèsì pé àwọn kò ní àṣẹ láti sanwó fún ariwo. Ibẹ̀ ni aṣojú wa ní Wáṣíńtọ̀n ti ní òun á gbé àbá òfin kalẹ̀ fún un, òun nìkan.

Àwa ńkọ́? Èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa kò tó nǹkan kan. LaVar lọ gbaṣẹ́ nínú ihò èédú lẹ́yìn òkè, ó ń sùn sọ́hùn-ún, Saturday nìkan ló ń wálé. Bí mo bá ti wo ojú rẹ̀ tó dúdú yíká ìpéǹpéjú, màá wo ọ̀ọ́kán ilé Arvilla, àyà mi á sì máa jó.

Ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, a máa ń gbààwẹ̀, ẹni tí ó bá wù á sì máa dìde láàárín ìjọ láti jẹ́rìí. Ní oṣù kẹfà, Arvilla dìde. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù tó fi sin ọkọ rẹ̀. Ó di ẹ̀yìn àga iwájú mú.

Ó ní, “Ẹ̀yin ará, mi ò mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Mo kàn fẹ́ dúpẹ́ pé nínú ilẹ̀ tó tóbi tó báyìí, àwọn èèyàn ńlá lè jókòó, kí wọ́n ronú nípa opó kan àti tòlótòló ẹ̀.”

Ó sunkún díẹ̀. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá áńkáṣíìfù. Thelda Mikkelsen tó jókòó tì mí fi ìgúnpá gbún mi.

“Orúkọ ẹ̀ á wà nínú ìwé òfin títí ayé. O gbọ́? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn ààrẹ.”

“Mo gbọ́.”

“Àwọn ẹyẹ tiyín ńkọ́? Ṣebí wọ́n kú náà?”

“Ìkookò ló jẹ wọ́n.”

“Hẹn-ẹn. Ìjọba kì í sanwó ìkookò.”

Ebi ààwẹ̀ wà nínú mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi ló ń ta mí nínú.

Nígbà tí a jáde, gbogbo èèyàn rọ̀gbà yí Arvilla ká lórí àtẹ̀gùn ìjọ. Ẹnì kan ń fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ẹnì kan ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Bíṣọ́ọ̀bù Olstad, tó tún ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, ló ń ṣàlàyé.

“Ẹ má tíì yọ̀ jù o. Wọ́n á pe àbá náà ní orúkọ nílé ìgbìmọ̀. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí èèyàn méjì péré bá lè ní rárá, ó ti dúró nìyẹn. Àwọn mẹ́fà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yàn fún un. Wọ́n á ka gbogbo àbá kéékèèké báyìí, wọ́n á máa wá ibi tó kù sí.”

Thelda ní, “Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sọ pé rárá?”

“Iṣẹ́ wọn ni.”

“Mo ti fẹ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Arvilla gan-an rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mò ń ro ti àwọn mẹ́fà yẹn.

Lọ́jọ́ Tuesday, lẹ́yìn tí mo bọ́ àwọn ẹyẹ tán, mo pọ́n pẹ́ńsù. Mo kọ ọ́ sára ìwé tí mo ya nínú ìwé ìṣirò àtijọ́. Kò gùn. Ẹ bi opó Bjerregaard léèrè ẹsẹ̀ òsì. Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ wọ̀nyẹn ni tirẹ̀. Mi ò fi orúkọ sí i. Mi ò mọ ẹni tí mo lè kọ sára àpòòwé, nítorí náà mo kọ: Sí Àwọn Ọkùnrin Mẹ́fà Tó Ń Sọ Pé Rárá, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, Wáṣíńtọ̀n. Mo wa mọ́tò lọ fi ránṣẹ́ ní Gentry, máìlì mẹ́rìnlá sí wa. Mo sọ fún ara mi pé ìdérí ìgò ni mo fẹ́ lọ rà. Mo tún rà á lóòótọ́, dọ́sìnnì méjì.

Mo rò pé kò lè dé pẹ̀lú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú.

Ó dé.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù keje ni Arvilla tún yọ lẹ́nu ọ̀nà mi. Lọ́tẹ̀ yìí ó wọlé, ó fa àga, ó jókòó láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó.

“Wọ́n pe orúkọ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n sún mi sẹ́yìn.”

“Wọ́n sún yín sẹ́yìn báwo?”

“Ẹnì kan kọ̀wé sí wọn.” Ó tẹ́ lẹ́tà aṣojú wa sórí tábìlì. “Ka ibẹ̀ yẹn.”

“Ẹ kà á fún mi. Ojú mi ò dá lónìí.”

“Ojú ẹ dá ní May.” Ṣùgbọ́n ó kà á. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹyẹ tó ní àmì lẹ́sẹ̀ òsì wà nínú àwọn tí ọ̀gá ológun kà, àti ẹni tó ni wọ́n. Ó ká lẹ́tà náà sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. Mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

“Ta lẹ rò pé ó kọ ọ́?”

“Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.”

“Gbogbo Hansel ló mọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo Hansel.” Ó ti lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Mò ń rò ó pé bóyá Orlan Pratt ni, torí mi ò jẹ́ kó fi ẹran ẹ̀ jẹko lọ́dọ̀ mi.”

Mo ní, “Orlan lè ṣe é.” Ọlọ́run dárí jì mí. Orlan kò ṣe mí ní nǹkan kan rí.

“Ó dáa. Ẹsẹ̀ òsì, tiyín ni. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ. Tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù lọ́la, kó o búra pé kò sí ẹyẹ yín níbẹ̀, kó tán. Òpin oṣù yìí ni ìgbìmọ̀ ń tú ká ní Wáṣíńtọ̀n. Tí kò bá kọjá kó tó dìgbà yẹn, mi ò lè ra ọmọ ẹyẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ni màá wá máa ṣe? Màá kó lọ bá ìyàwó ọmọ mi ní Ogden. O mọ ìyàwó ọmọ mi.”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Obìnrin tó ń ka ṣúgà fún èèyàn! Ó ní, ‘Màmá, kóró méjì lẹ ti mú.’”

A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa.

Gbogbo alẹ́ yẹn ni mo fi ń rò ó. Kò ṣòro. Mo kàn ní láti sọ pé rárá, èmi náà. Tí mo bá sọ pé kò sí ẹyẹ mi níbẹ̀, géètì á wà ní títì, LaVar ò ní mọ̀, èèyàn kankan ò ní mọ̀. Arvilla á sì gba owó ọ̀ọ́dúnrún ẹyẹ mi, á tún fi òfin lé e. Ìyẹn ni mi ò lè gbà.

Bíṣọ́ọ̀bù Olstad ni ìjọba fún ní òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń gba ìbúra ní ìlú wa. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe é sí, láàárín àwọn àpò oúnjẹ ẹran, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ sì wà lórí àgbá. Arvilla wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ó ti wọ fìlà Sunday rẹ̀.

“Ẹ gbọ́wọ́ ọ̀tún sókè, Sìstá Thorup.”

“Ṣé a ò lè ṣe é láìgbọ́wọ́ sókè?”

“Ṣé apá ń dùn yín ni?”

“Rárá.”

“Ẹ gbé e sókè nígbà náà.” Mo gbé e. Ó ka ìwé kan sí mi létí, pé ẹni tó bá parọ́ sínú ìbúra báyìí lè fẹ̀wọ̀n jura.

“Ẹ̀wọ̀n?”

“Gbogbo èèyàn ni mo máa ń kà á sí létí. Ó yá. Ẹyẹ yín, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ òsì, ṣé wọ́n wà nínú òkìtì yẹn?”

Mo wo Arvilla. Ó mi orí sí mi, bí ìgbà tí èèyàn ń ki ọmọdé láyà níbi tó ti ń kọrin ní ìjọ.

“Ọ̀ọ́dúnrún,” ni mo wí.

“Ẹ ní kí ni?”

“Ọ̀ọ́dúnrún ni tèmi. Mo kà wọ́n.”

Bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. “Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀?”

“Géètì.”

“Ta ló ṣí i?”

Mi ò rántí bí mo ṣe sọ gbogbo ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣì wà lókè nígbà tí mo fi sọ ọ́ tán, torí Bíṣọ́ọ̀bù ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Arvilla ti jókòó sórí àpò kan.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,” ni ó wí. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi ń fi ọkà mi bọ́ ẹyẹ?”

“Èyí tó já sílẹ̀ ni, Sìstá Arvilla.”

“Ilẹ̀ mi ló já sí!”

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwà rere ni mo fẹ́ hù. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n bà mí. Mo sì tún fẹ́, màá sọ ọ́ bó ṣe rí, mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ níbì kan pé ọ̀ọ́dúnrún yẹn, èmi ni mo ni wọ́n.

Nígbà tí LaVar dé lọ́jọ́ Saturday, mo jẹ́ kó wẹ ọrùn àti etí rẹ̀ tán.

“Dádì, ìkookò kọ́.”

Ó tẹ́tí sí mi, omi ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Ó nu ojú, ó jókòó, ó rún búrẹ́dì sínú mílíìkì.

“Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá wọn.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹṣin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ sí mi lọ́wọ́.”

“Mo mọ̀, Dádì.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“O ń yìn mí nítorí àwọn ẹyẹ yẹn.”

Ó gbé ṣíbí dání, kò fi sẹ́nu, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló di oúnjẹ rẹ̀.

Ní òpin oṣù, àbá náà kọjá. Wọ́n gé e kù sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ẹyẹ. Ààrẹ fọwọ́ sí i. Owó ọ̀ọ́dúnrún tó kù kò wá sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìjọba fi sílẹ̀ sápò ara rẹ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé wọ́n máa ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìwé kékeré. Gbogbo ẹ̀ pátá, ìbúra àti lẹ́tà. Aṣojú wa fi mẹ́wàá ránṣẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù fi wọ́n sórí káńtà rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kà á bí wọ́n ṣe ń dúró de oúnjẹ ẹran. Ojú ewé kẹrin ni mo wà. Melva Thorup ló ń sọ níbẹ̀ pé òun máa ń ṣí géètì ní àfẹ̀mọ́jú.

“Melva, o ti dèrò inú ìwé!” ni Thelda ń pariwo láti òdìkejì títì. “Nígbà wo lo máa wá ṣí géètì tèmi?”

Lẹ́tà mi náà wà níbẹ̀, lójú ewé kejì. Wọ́n pè é ní lẹ́tà tí kò ní orúkọ.

Ṣé ó yẹ kí ojú tì mí kí n jókòó jẹ́ẹ́? Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni mò ń rí ọkọ̀ tó ń já pákó sílé Arvilla, tí wọ́n ń tún ilé ẹyẹ rẹ̀ kọ́. Mo lọ bá Bíṣọ́ọ̀bù. Mo bi í bóyá èmi náà lè gba owó tèmi.

“Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má kọ̀wé sí aṣojú fún tiyín,” ni ó wí. “Gbogbo ìlú ti mọ ti géètì, kò tún sí ohun tẹ́ ẹ máa fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ìbúra yín nìkan ò tó. Ẹ nílò ẹlẹ́rìí tó ni ilẹ̀ ibi tí wọ́n kú sí.”

Mo gbé ìgò èso písì mẹ́rin dání lọ sílé Arvilla. Ó ń pa ẹ̀wà nínú ilé ìdáná. Kò wo ìgò náà.

“Mo ti ń retí ẹ,” ni ó wí. “Bíṣọ́ọ̀bù ti sọ fún mi.”

“Tẹ́ ẹ bá lè búra pé tèmi ni wọ́n, Sìstá Arvilla. Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹyẹ ni mo rà lọ́dún yẹn. Ọgọ́rùn-ún ti kú kó tó di June. Nígbà tí ológun yẹn ní ẹgbẹ̀fà, mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀ jù. Mo ní bóyá ó ṣì í kà ni. Mo panu mọ́.” Ó da èépo ẹ̀wà sínú garawa. “Nítorí náà màá búra. Ohun tí mo mọ̀ ni màá sọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ta ló kọ lẹ́tà yẹn?”

“Bóyá Orlan…”

“Melva.”

Ajá rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì, ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́. Mo gbọ́ gbogbo èémí rẹ̀.

“Èmi ni.”

Ó mi orí. Kò yà á lẹ́nu. “Gentry ni wọ́n ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n tẹ ìyẹn náà sínú ìwé. Mo rí ẹ tó o wa mọ́tò lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo juwọ́ sí ẹ.”

“Mi ò rí yín.”

“Mo juwọ́.” Ó nu ọwọ́ sára épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan. “Ti géètì, mi ò bínú pẹ́. Ebi ń pa àwọn ẹyẹ ẹ, ọkà wà nílẹ̀. Ká ní o bi mí, màá ní kó o ṣí i. Ṣùgbọ́n lẹ́tà, Melva. O jókòó. O pọ́n pẹ́ńsù. O wá sítáǹbù. Máìlì mẹ́rìnlá, kò sí ibi tó o ti rò ó pé kó o yí mọ́tò padà?”

Mo ní, “Inú mi ò dùn pé ẹ̀yin nìkan ni.”

“Mo mọ̀. Mo rí i lójú ẹ lọ́jọ́ tó ò ń pò búrẹ́dì. Mo rò pé á lọ.”

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Olstad, ó gbọ́wọ́ sókè, ó búra pé ọ̀ọ́dúnrún ẹyẹ nínú òkìtì yẹn jẹ́ ti Melva Thorup. Kò bù kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó fún mi ní ìwé náà lẹ́nu ọ̀nà, níwájú àwọn tó ń ra oúnjẹ ẹran.

“Ó tán,” ni ó wí. “Má wá sílé mi mọ́.”

Nígbà tí ìgbìmọ̀ padà jókòó lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àbá òfin tèmi kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún ìtura Melva Thorup. Mo ní ẹ̀dà kan, ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ìgbìmọ̀ tú ká kí wọ́n tó kàn án. Aṣojú wa ní òun á tún gbé e wá. LaVar ṣì wà nínú ihò èédú. Mo rò pé inú mi á dùn tí mo bá rí orúkọ mi lókè ìwé yẹn, inú mi sì dùn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Láti ojú fèrèsé mi, mo lè rí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé Arvilla. Thelda Mikkelsen ló ń lọ síbẹ̀ báyìí, lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday. Wọ́n jọ ń pa ẹ̀wà, wọ́n jọ ń gé èso. Mo máa ń wo aago nígbà tó bá wọlé, mo máa ń wò ó nígbà tó bá jáde. Lánàá ó lo wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, bí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo mọ àga tí ó jókòó sí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù ni. Igi rẹ̀ máa ń gbóná mọ́ èèyàn lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá ti jókòó sórí rẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ dìde.